Ohun tí Kámẹ́rà Fi Hàn àti Ohun tí Ó Fi Pamọ́

ẸKỌ́ KẸRIN: Bí olùdìbò tuntun ṣe lè wo dọkumẹ́ńtárì nípa àwọn olóṣèlú

Ète ẹ̀kọ́ yìí
Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, olùdìbò tuntun yóò lè:
(i) ṣàlàyé ohun tí dọkumẹ́ńtárì jẹ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a gbà á bí ẹ̀rí tí kò ní àbùkù;
(ii) dárúkọ àwọn ọ̀nà márùn-ún tí fíìmù fi ń gbé olóṣèlú ga tàbí tí ó fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀;
(iii) bi fíìmù ní ìbéèrè kí ó tó jẹ́ kí ó darí ìka òun lórí ìwé ìdìbò.

1. Kí ni dọkumẹ́ńtárì?
Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ní Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Kí ó tó dé ibùdó ìdìbò láti tẹ̀ka, ó ti ní àwòrán àwọn olóṣèlú lọ́kàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn olùdìbò ni ó ti bá olùdíje sọ̀rọ̀ lójúkojú rí. Ohun tí àwọn yòókù mọ̀, ìtàn tí àwọn àgbà sọ nínú agbo ilé ni, tàbí ọ̀rọ̀ orí rédíò, tàbí ohun tí wọ́n wò nínú amóhùnmáwòrán àti lórí fóònù.

Dọkumẹ́ńtárì ni ètò amóhùnmáwòrán tí ó ń sọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, pẹ̀lú ènìyàn gidi, ibi gidi àti ìwé gidi. Kì í ṣe eré orí ìtàgé, kì í sì í ṣe ìpolówó. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi máa ń tètè gbà á gbọ́. Ẹni tí ó ń wo eré mọ̀ pé eré ni òun ń wò. Ẹni tí ó ń wo dọkumẹ́ńtárì rò pé òtítọ́ gan-an ni ó wà níwájú òun. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ni ó yan ibi tí kámẹ́rà yóò kọjú sí, òun náà ni ó sì yan ohun tí yóò gé kúrò. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Dọkumẹ́ńtárì dà bí àfojúbà lójú, síbẹ̀ ìròyìn ni.

2. Ìbàdàn àti ìbẹ̀rẹ̀ amóhùnmáwòrán
Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ìjà òṣèlú wà lára ohun tí ó bí amóhùnmáwòrán níbẹ̀. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ìhà Ìwọ̀-Oòrùn fi ìbínú jáde kúrò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà Nàìjíríà, Sir John Macpherson, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò yẹn kí òun fèsì. Wọn kò gbà fún un.

Nígbà tí òfin ìjọba tuntun ti ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn ní àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ní 31 Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, Ìbàdàn. Ó fi ara rẹ̀ yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Lẹ́yìn ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ kó irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ NTA.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò ti fèsì, ẹ̀bi rẹ̀ ni aráyé yóò máa gbọ́. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èkejì ni pé ẹni tí ó wá ọ̀nà láti fèsì lánàá lè di ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lónìí, kí ó sì di ojúṣe rẹ̀ láti fún ẹlòmíràn láyè. Ìbéèrè tí Awólọ́wọ̀ béèrè ní ọdún 1953 ni ó yẹ kí olùdìbò máa béèrè nípa gbogbo fíìmù: ǹjẹ́ wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

3. Adélabú: ẹni tí amóhùnmáwòrán kò bá láyé
Kò sí olóṣèlú tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Òkè Màpó, tó Alhaji Adégòkè Adélabú. Wọ́n bí i ní ọdún 1915. Ó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ UAC. Ní ọdún 1952 ó tẹ ìwé rẹ̀, Africa in Ebullition, jáde. Nínú ẹgbẹ́ NCNC àti àjọṣe Mábọ̀lájẹ́, ó di ẹni tí mẹ̀kúnnù ń wárí fún, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Ó di alága Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn, ó sì di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1955. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Nicholson ṣe olórí rẹ̀ yẹ ìṣàkóso ìgbìmọ̀ Ìbàdàn wò, ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1956 kò sì dára fún un. Ó kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùdìbò tún yàn án sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di olórí àwọn alátakò níbẹ̀. Ní 25 Oṣù Kẹta, ọdún 1958, ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ nítòsí Òde Rẹ́mọ. Rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ tí ó dojú rú ni àwọn ará Ìbàdàn yí sí “pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì”, tí ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu wọn títí di òní.

WNTV bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ikú Adélabú. Nítorí náà, kò sí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Nàìjíríà tí ó lè sọ pé òun ya àwòrán rẹ̀ fún ètò òun nígbà ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe dọkumẹ́ńtárì lórí rẹ̀ lónìí yóò gbára lé fọ́tò, ìwé ìròyìn àtijọ́, ìwé ìtàn, ẹnu àwọn àgbà, tàbí òṣèré tí yóò wọ aṣọ bíi tirẹ̀ kí ó dúró sórí àtẹ̀gùn Màpó.

Kò sí ohun tí ó burú nínú èyíkéyìí nínú wọn, bí fíìmù náà bá sọ ohun tí ó jẹ́. Fọ́tò jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn dúró níbì kan. Kò lè sọ ohun tí ó wí. Àgbà tí ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn ń sọ òtítọ́ bí ó ti wà ní ìrántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí a máa gbó bí aṣọ. Òṣèré ń ṣe ohun tí ẹni tí ó kọ eré ní kí ó ṣe.

ÀWÒRÁN 1. Nínú agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnká, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wo fíìmù lórí fóònù.
Ọmọ-ọmọ: Ìyá àgbà, ẹ wá wo Adélabú! Ẹ wo bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Màpó.
Ìyá àgbà: Adélabú wo? Òṣèré ni ẹni yẹn. Nígbà tí Adélabú kú, ta ni ó ní tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Ìbàdàn?
Ọmọ-ọmọ: Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣèré ni, mà.
Ìyá àgbà: Mo rí i tí lẹ́tà kan kọjá nísàlẹ̀. Ojú mi kò gbé e. Dá a padà sẹ́yìn, kí o kà á fún mi.
Ọmọ-ọmọ: (ó dá a padà) Òótọ́ ni, mà. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní. Kíá ló kọjá.
Ìyá àgbà: Ẹni tó bá fẹ́ kí n kà á ì bá kọ ọ́ kó tóbi.

4. Ọ̀nà márùn-ún tí fíìmù ń gbà sọ̀rọ̀
(a) Ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Gbọ̀ngán Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà ní orí òkè. Bí ayàwòrán bá dúró nísàlẹ̀ ní ìhà Ọjà'ba, tí ó gbé kámẹ́rà sókè, ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró láàárín àwọn òpó ńlá wọ̀nyẹn yóò dà bí òmìrán. Bí ó bá gun orí ilé kan tí ó sì dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀, ẹni kan náà yóò kéré bí èèrà. Olóṣèlú náà kò yí padà, kámẹ́rà ni ó ṣípò.

(b) Ohùn ẹni tí ń sọ ìtàn. Nínú ọ̀pọ̀ dọkumẹ́ńtárì, ohùn kan wà tí ojú kò rí ẹni tí ó ni ín. Ó ń sọ̀rọ̀ ketekete bí onídàájọ́. “Ó kọ́ ọjà” yàtọ̀ sí “ó ní òun kọ́ ọjà”. “Àwọn kan sọ pé ó kówó jẹ” kò sọ ẹni tí ó sọ ọ́. Olùdìbò gbọ́dọ̀ máa fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

(d) Orin àti ìlù. Bí dùndún bá ń dún tayọ̀tayọ̀ nígbà tí olùdíje ń bọ̀, ọkàn òǹwòran yóò ti gbà á lálejò kí ó tó la ẹnu. Bí ohùn orin bá wúwo, tí àwòrán sì ṣókùnkùn, ìfura yóò ti wọlé bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀sùn kankan. Òótọ́ ni pé ọkàn ènìyàn kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti dán èyí wò ni kí a pa ohùn fíìmù náà, kí a wo àwòrán nìkan fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì wò ó bóyá ohun tí a gbà gbọ́ ṣì dúró.

(e) Bí wọ́n ṣe to ìtàn. Ìgbésí ayé Adélabú tí a sọ lókè lè di fíìmù mẹ́ta láìfi irọ́ kan kún un. Fíìmù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjábọ̀ ọdún 1956 yóò dà bí ìgbẹ́jọ́, gbogbo ohun tí ó bá tẹ̀ lé e yóò sì dà bí àwáwí. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ó mọ̀wé ní Government College yóò dà bí ìtàn akọni, ìjábọ̀ náà yóò sì dà bí ọgbọ́n àwọn ọ̀tá. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ, lójú ọ̀nà, tí ó sì parí síbẹ̀, yóò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí béèrè bí ó ṣe ṣàkóso owó ìlú. Òtítọ́ kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ètò wọn ni ó yàtọ̀, ètò yẹn sì ni ó ń dájọ́.

(ẹ) Ohun tí wọn kò sọ. Èyí ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí ojú kì í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Fíìmù lè fi afárá tuntun hàn kí ó má sọ iye tí wọ́n ná. Ó lè fi ẹni tí ń yin olóṣèlú hàn kí ó má sọ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó sì lè fi ẹ̀sùn kàn án kí ó má sọ pé ilé ẹjọ́ ti dá a láre.

5. Bí wọ́n ṣe ń fi àdúgbò hàn
Kì í ṣe olóṣèlú nìkan ni dọkumẹ́ńtárì ń fi hàn, ó ń fi àwọn tí ń dìbò hàn pẹ̀lú. Àwòrán kan wà tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn púpọ̀ nípa Ìbàdàn: wọn a gun òkè, wọn a sì fi páànù tí ó ti dípẹtà hàn láti Màpó lọ sí Bẹẹrẹ títí ojú fi tó o. Àwòrán náà lẹ́wà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ ni kí á ṣọ́. Bí ohùn fíìmù bá ń sọ nípa ìrẹsì, owó àti jàgídíjàgan ìbò nígbà tí páànù wọ̀nyẹn wà lójú, òǹwòran yóò rò pé gbogbo ẹni tí ń gbé abẹ́ páànù bẹ́ẹ̀ ni ó ń ta ìbò rẹ̀. Fíìmù náà kò wọ abẹ́ òrùlé kankan. Kò bá oníṣòwò Ọjà'ba sọ̀rọ̀, kò bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Bẹ́yẹrúnká ní ohun tí ó fẹ́ kí káńsù ṣe, kò sì dé ibi tí mọ́gàjí àti àwọn ọmọ agbo ilé ti ń jíròrò ẹni tí ó yẹ kí wọ́n dìbò fún.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń pa olùdìbò lára ní ọ̀nà méjì. Ó ń mú kí àwọn ará ìta fojú tín-ín-rín àdúgbò náà. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè mú kí ọmọ àdúgbò gbà pé báyìí ni òṣèlú àwọn ti rí, pé kò lè yí padà, àti pé kò sí ohun tí ìbò kan lè ṣe. Ẹni tí ó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kò ní jáde lọ́jọ́ ìbò, tàbí kí ó gba owó tí wọ́n nà sí i. Ọmọ Ìbàdàn tí ó mọ̀ pé àwọn ará Ìbàdàn ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó orí, tí wọ́n ti bi ìjọba léèrè, tí wọ́n sì ti yan alátakò sí ilé aṣòfin ní ọdún 1956, mọ̀ pé ìtàn àdúgbò òun ju àwo ìrẹsì lọ.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí á ṣọ́ ni èrò. Ní Màpó ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ ìfijoyè Olúbàdàn, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé òṣèlú. Ó rọrùn láti mú àwòrán èrò ọjọ́ kan, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjọ́ mìíràn. Kí olùdìbò wo aṣọ, wo àsíá, kí ó wo bóyá olùdíje náà àti èrò náà wà nínú àwòrán kan ṣoṣo rí. Bí wọn kò bá wà pọ̀ nínú rẹ̀ rárá, ó yẹ kí ó béèrè ìdí.

6. Láti ilẹ̀ òkèèrè àti ilẹ̀ ìtòsí
Ní ọdún 1960, Robert Drew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe fíìmù tí wọ́n pè ní Primary. Wọ́n gbé kámẹ́rà sí èjìká, wọ́n sì tẹ̀ lé John F. Kennedy àti Hubert Humphrey bí wọ́n ṣe ń díje ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ṣáájú ìgbà náà, orí àga ni wọ́n sábà máa ń gbé olóṣèlú sí kí ó tó sọ̀rọ̀. Fíìmù yìí fi wọ́n hàn nínú ọkọ̀, nínú àárẹ̀, láàárín èrò. Ó mú kí olùdìbò sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mímọ bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín kò sọ bí yóò ṣe ṣèjọba.

Ní ìtòsí ilé, Jarreth Merz ṣe An African Election, tí ó jáde ní ọdún 2011, lórí ìbò Ààrẹ Gánà ti ọdún 2008. Kì í ṣe àwọn olùdíje nìkan ni ó tẹ̀ lé. Ó wọ ibi tí àjọ elétò ìdìbò ti ń gba èsì, ó sì fi hàn bí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ṣe ń yẹ ìwé èsì wò. Nínú ìbò náà, John Atta Mills borí Nana Akufo-Addo ní ìpele kejì pẹ̀lú ìbò tí kò tó 41,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá wo irú fíìmù yẹn yóò lóye ìdí tí ibùdó ìdìbò kan fi ṣe pàtàkì. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kò sọ pé kí á má wo dọkumẹ́ńtárì. Èyí tí ó dára máa ń kọ́ ènìyàn ní ohun tí ìpolongo kò lè kọ́ ọ.

7. Fíìmù ní àsìkò ìbò
Ní Oṣù Kẹta ọdún 2015, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìbò Ààrẹ tí ó wáyé ní 28 oṣù náà, ilé iṣẹ́ AIT gbé dọkumẹ́ńtárì kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Lion of Bourdillon, lórí Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó rí. Ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ó sì béèrè 150 bílíọ̀nù náírà. Ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ fíìmù náà dúró ná, ẹgbẹ́ méjèèjì sì parí ọ̀rọ̀ náà ní ìta kóòtù níkẹyìn. Ohun tí ó kan olùdìbò nínú rẹ̀ ni àkókò. Ilé ẹjọ́ a máa rìn pẹ̀lẹ́, fíìmù a máa sáré. Ẹni tí ó ti wo fíìmù lónìí lè dìbò kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ olùdìbò fúnra rẹ̀ ni ó wà.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Ní ọdún 2022, Òfin Ètò Ìdìbò ìgbà náà sọ pé ìpolongo ìta gbangba yóò bẹ̀rẹ̀ ní 150 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, yóò sì parí ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní a kò gbọdọ̀ lo ohun èlò ìjọba, títí kan ilé iṣẹ́ ìròyìn rẹ̀, láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ tàbí olùdíje kan, tàbí láti pa á lára. Àjọ NBC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ni ó ń ṣàmójútó àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n fíìmù tí ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí WhatsApp kì í sábà ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára. Níbẹ̀, olùdìbò ni olùṣọ́ ara rẹ̀.

8. Ìbéèrè mẹ́fà tí ó yẹ kí á bi gbogbo fíìmù
1. Ta ni ó ṣe é, ta ni ó sì sanwó rẹ̀?
2. Ìgbà wo ni ó jáde? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àsìkò ìbò?
3. Ta ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ta ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ tí wọn kò pè?
4. Èwo nínú àwọn àwòrán ni ó jẹ́ ti ọjọ́ náà gan-an, èwo ni òṣèré ṣe?
5. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n yin olóṣèlú fún wà lábẹ́ ipò tí ó wà? Ọjà, ibùdókọ̀ àti ìkólẹ̀kódọ̀tí wà lára ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun rere àdúgbò ni ti gómìnà, kì í sì í ṣe gbogbo àléébù ni tirẹ̀.
6. Bí a bá yọ orin kúrò, kí ni ẹ̀rí tí ó kù?

Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́rin nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣe dáadáa. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

ÀWÒRÁN 2. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró nínú àgọ́ ìdìbò, ìwé ìdìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí kámẹ́rà, kò sí orin, kò sì sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun àti ohun tí ó mọ̀ nìkan ni ó kù.

Ìdánrawò
(i) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fọ́tò, ẹnu àgbà àti òṣèré gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú dọkumẹ́ńtárì?
(ii) Kí nìdí tí a kò fi lè rí Adélabú nínú àwòrán WNTV?
(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dọkumẹ́ńtárì kan nípa olóṣèlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn, ẹ̀ẹ̀kan láìsí ohùn, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta tí ó yàtọ̀ sílẹ̀.
(iv) Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín sí ẹgbẹ́ méjì. Kí ẹgbẹ́ kan to fíìmù nípa àdúgbò wọn bí àlejò yóò ṣe tò ó. Kí èkejì tò ó bí ọmọ agbo ilé yóò ṣe tò ó. Kí wọ́n wá jíròrò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀.